Ẹni Tó Dé Àkẹtẹ̀ Kì Í Jẹun

Rantya, Jos.

Bísólá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ló máa gbé mi láti Rantya níbí dé ẹnu ọ̀nà yín ní Anglo Jos, nítorí náà mo mọ̀ pé ó máa yà ọ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo jókòó kọ. Jẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu. Bí mo bá wá fúnra mi, Dépò á dọ̀bálẹ̀, á ní "Bàbá, ẹ káàbọ̀," á gbé àga fún mi, á bu omi tútù wá. Mi ò lè jókòó sórí àga àna mi, kí n mu omi rẹ̀ tán, kí n wá máa bú ìyàwó rẹ̀ lójú rẹ̀. Bí mo bá sì pè ọ́ lórí fóònù, o ó ní, "Baba, ka yi hakuri, ẹ má bínú, mo máa pè yín padà," o ò sì ní pè. Lẹ́tà kò ṣeé gé ọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu. Yorùbá ni mo sì fi kọ ọ́, nítorí o kì í ka Yorùbá kíákíá bí o ṣe ń sọ Hausa, o ò ní lè sáré kọjá ibi tó bá dùn ọ́.

Inú ń bí mi. Láti Mọ́ńdè Àjíǹde ni inú ti ń bí mi, ó sì ti fẹ́ máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí o tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lánàá pé ẹ tún ń lọ. Etí omi kan náà. Lọ́jọ́ họ́lídè tó ń bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ará ibi iṣẹ́ Dépò ń ti Àbújá bọ̀ pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn, o ní, "Baba, wọ́n fẹ́ rí bíìṣì Jos." O wá fi àwòrán ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí i nídìí. Mo gbé fóònù náà fún ìyá rẹ. Ó kà á, ó gbé e padà fún mi, ó sì padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Ìwọ náà mọ ìyá rẹ. Bí ó bá ń pariwo, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dùn ún.

Mo ti gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ìtàn ọjọ́ yẹn fún àwọn èèyàn. Ẹ ní Tọ́pẹ́ mu omi díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ó lè wà nínú ìwé, nítorí ọmọ náà á dàgbà, á sì mọ̀wé.

Nígbà tí iṣẹ́ tuntun gbé Dépò wá sí Jos, kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ dùn tó tèmi. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi wà ní Ìkòròdú, inú fóònù la ti ń wo ọmọ-ọmọ wa bí ó ṣe ń yọ eyín. Nígbà tí Dépò wá ní kí gbogbo wa jáde lọ sí etí omi lọ́jọ́ Mọ́ńdè Àjíǹde, èmi ni mo kọ́kọ́ múra. Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa ní Terminus, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ ra súwẹ́tà padà wá lọ́la. Mo sì gbọn eruku ara àkẹtẹ̀ dànù, mo gbé e dání. Nígbà tí mo fẹ́ wọ mọ́tò yín, o rí i lọ́wọ́ mi. O bojú wẹ̀yìn bóyá ọkọ rẹ ń gbọ́. O wá rẹ ohùn sílẹ̀, o ní, "Baba, don Allah, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi fìlà yẹn sí búùtù. Ọ̀rẹ́ Dépò kan ń bọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́."

Mo fi sí búùtù. Ọmọ mi ló bẹ̀ mí.

Ìwọ mọ ohun tí àkẹtẹ̀ yẹn jẹ́, ṣùgbọ́n Tọ́pẹ́ kò mọ̀, Dépò náà kò sì mọ̀, nítorí náà mo máa ṣàlàyé. Bàbá mi ló dé e láti Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Jos. Òun ló fi ń kiri aṣọ lóòrùn kí ó tó rí ìsọ̀ gbà. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ọdún bá dé, àwọn ará ilé wa tó wà níbí á háyà akorikura kan, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ẹrù, wọ́n á kó gbogbo wa sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò oúnjẹ àti ẹní, ó di etí adágún. Ẹ̀yin lẹ ń pè é ní bíìṣì. Etí omi làwa ń pè é. Bí a bá ti débẹ̀, àwọn bàbá á jókòó sábẹ́ igi, wọ́n á máa tayò. Àwọn ìyá á dáná, wọ́n á bu oúnjẹ, wọ́n á sì tún máa sáré wo àwa ọmọ tí a wà nínú omi. Màmá mi, ìyá àgbà rẹ tí ẹnu rẹ jọ tirẹ̀, kò jẹ oúnjẹ gbígbóná lọ́jọ́ ọdún rí.

Lọ́jọ́ kan, ó sú u. Ó fi ṣíbí ọbẹ̀ sílẹ̀, ó lọ sábẹ́ igi, ó ṣí àkẹtẹ̀ kúrò lórí bàbá mi láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fa ọkọ rẹ̀ dìde, ó kọ ojú rẹ̀ sí omi, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé àkẹtẹ̀ náà padà fún un. Ó fi orúkọ tèmi pè é, ó ní, "Bàbá Rẹ̀mí, lónìí, ẹ̀yin lẹ ni omi. Ẹ má jẹun, ẹ má tayò, ẹ má wo ẹ̀yìn. Èmi fẹ́ lọ jẹun." Àwọn ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó sì wo omi títí gbogbo obìnrin fi jẹun tán.

Láti ọjọ́ náà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹni tó bá dé àkẹtẹ̀ kì í jẹun. Kì í tayò, kì í sì í gbé fóònù nígbà tí fóònù dé. Bí o bá kí i, "hẹn-ẹn" lásán ni yóò fi dá ọ lóhùn, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní aláfojúdi. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ bọ́ ọ sílẹ̀ kí ó lọ. Ó gbọdọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé e fún ẹlòmíì, kí ẹni náà sì fi ẹnu sọ pé, "Ó ti wà lórí mi." Ìgbà náà ló tó lè lọ bu oúnjẹ. Abẹ́ àkẹtẹ̀ yẹn ni ìwọ àti ẹ̀gbọ́n rẹ ti kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀rù lè ba èèyàn létí omi, nítorí ẹnì kan ló ń bá yín bẹ̀rù.

Ó dáa. A dé etí omi lọ́jọ́ Àjíǹde. Mo gbé àga mi, mo fẹ́ kọ ojú rẹ̀ sí omi. Dépò wá bá mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ má dá jókòó. Ẹ wá sọ́dọ̀ wa. Gbogbo wa là ń wo omi." Mo ní omi yìí jìn. Ó ní, "Bàbá, etí òkun ni wọ́n bí mi sí. Èèyàn á rìn títí nínú òkun, omi ò ní kọjá orúnkún. Èyí kéré." Àlejò ni nílùú yìí, mi ò bínú sí i. Ìwọ ni mo wò. O wò mí. O la ẹnu, o tún pa á dé, o sì lọ ń bu jẹlọ́ọ̀fù.

Wọ́n gbé àwo fún mi, èmi náà gbà á. Itan adìyẹ ló wà nínú rẹ̀. Mò ń bá adìyẹ jà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbójú sókè tí mo rí bọ́ọ̀lù pupa Tọ́pẹ́ lórí omi, mi ò sì rí Tọ́pẹ́. Orí rẹ̀ yọ, ó tún wọlẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń lu omi. Kò sí ariwo kankan. Ọmọ tó ń rì kì í pariwo, Bísólá, omi ti gba ẹnu rẹ̀. Dépò náà rí i, Dépò tó fẹ́ràn ọmọ yẹn ju ojú ara rẹ̀ lọ. Ó nawọ́ sí i, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ wo Tọ́pẹ́, ó ti ń lúwẹ̀ẹ́." Ìwọ náà wò ó. Ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ, o rẹ́rìn-ín.

Mi ò mọ ibi tí mo ju àwo sí. Bàtà àti ṣòkòtò ni mo fi wọ omi. Ìṣísẹ̀ kìíní, omi dé ojúgun mi. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó dé àyà mi, òtútù rẹ̀ sì gba èémí lẹ́nu mi. Ọrùn ẹ̀wù ni mo fi fa ọmọ náà jáde. Ó bi omi sí mi lọ́rùn, ó dákẹ́, ó wá ké. Mi ò tíì fẹ́ kí ọmọdé sunkún tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Kí ni ẹ wá ṣe? Ẹ nu ara rẹ̀, ẹ fún un ní mọ́ọ̀tì. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ọ̀rẹ́ Dépò ní ká ya fọ́tò, ẹ sì tò. Mo wà nínú fọ́tò náà, èmi àgbàlagbà tí ṣòkòtò mi ń ro omi sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, o fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí, o kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé "ọjọ́ aládùn." Kí a tó pínyà, o fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, o ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú Dépò á bàjẹ́. Ọlọ́run ti ṣe é." Ọlọ́run ṣe é lóòótọ́, mo sì dúpẹ́ títí òru. Àmọ́ Ọlọ́run yẹn náà ló dá ẹnu mọ́ ọ, kò sì dá a fún jẹlọ́ọ̀fù nìkan.

Wò ó, ìyá rẹ ti yọjú sí mi báyìí. Ó ní, "Bàbá Bísólá, ẹ rọra. Ẹ̀ ń fi bírò gún ìwé." Mo ní kí ó jẹ́ kí n gún un. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, itan adìyẹ ló sì wà lọ́wọ́ mi. Mi ò tún ní wà níbẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo ní í sọ.

Ìkíní. Adágún wa kì í ṣe òkun, kì í sì í ṣe odò. Àwọn awakùsà ló gbẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi wa ilẹ̀, wọ́n kó kùsà wọn lọ, wọ́n fi ihò sílẹ̀ fún wa, òjò sì kún un. Iyanrìn funfun tí àlejò ń rí tó ń pè é ní bíìṣì, ilẹ̀ tí wọ́n ti fọ kùsà kúrò nínú rẹ̀ ni. Odò ilé wa a máa rọra jìn, ẹsẹ̀ rẹ á ti gbọ́ ọ kí ó tó dé ìdodo rẹ. Adágún yìí kì í kìlọ̀. Ibi tí ẹ̀rọ gé ilẹ̀ dé ló gé e dé, bí ògiri. Gbogbo ẹni tó bá ti ìsàlẹ̀ gun òkè wá sí Jos ló ń ṣe àṣìṣe yẹn, omi tó mọ̀ nílé ló máa ń rí nígbà tó bá wo tiwa. Dépò kò mọ̀, kò sì lè mọ̀. Àwọn ará Àbújá tó ń bọ̀ kò lè mọ̀. Ìwọ nìkan lẹni tí wọ́n bí sí Jos láàárín gbogbo wọn. Láti kékeré ni aládùúgbò wa, ìyá Hausa yẹn, ti ń na ìka sí yín pé "ruwa ba abokin wasa ba ne," omi kì í ṣe ẹni tí a ń bá ṣeré. O gbọ́ ọ kí o tó mọ a, b, d. Bí ẹni tó mọ̀ bá dákẹ́, ta lẹ fẹ́ kó sọ ọ́?

Ìkejì. "Gbogbo wa" kì í ṣe èèyàn. Mo fẹ́ kí o tún ìyẹn kà. Nígbà tí Dépò ní gbogbo wa là ń wo omi, òótọ́ inú rẹ̀ ló sọ. Olúkúlùkù wa rò pé ojú ẹnì kejì wà níbẹ̀. Ojú olójú kò jọ ojú ẹni, àti pé lọ́jọ́ yẹn, kò tilẹ̀ sí ojú olójú níbẹ̀, ara oúnjẹ ni gbogbo ojú wà. Ohun tí màmá mi rí nìyẹn láìka ìwé. Bí iṣẹ́ kan bá jẹ́ ti gbogbo èèyàn, ẹni tí kò bá lè jẹun kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ni yóò máa ṣe é, tí yóò sì máa jẹ oúnjẹ tútù títí ayé. Bí kò bá wá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò ṣe é. Àkẹtẹ̀ yẹn kò ní agbára kankan. Ohun kan ṣoṣo tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí gbogbo ayé rí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ìkẹta ló dùn mí jù. Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n tìẹ kọ́ ló fẹ́ bá ọ dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, ti Tọ́pẹ́ ni. O la ẹnu, mo rí i. Kí ló pa á dé? Ṣé nítorí pé ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ wà níbẹ̀? Ṣé kí wọ́n má baà sọ pé ìyàwó Dépò ń já ọkọ rẹ̀ nírọ́ láàárín èèyàn? Mo ti kọ ọ́ síbí pé, "Ta ló kọ́ ọ ní irú ìwà bẹ́ẹ̀?" Ìyá rẹ ń kà á láti ẹ̀yìn mi. Ó ní, "Ẹ̀yin ni."

Mo ní èmi kẹ̀?

Ó ní, "Ẹ̀yin ni. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, nígbà tó kúnlẹ̀ fún àdúrà, ẹ ní kí ó má dá ọkọ rẹ̀ lóhùn láàárín àwùjọ láéláé, pé bí ọkọ bá ní funfun ni dúdú, kí ó dákẹ́ títí wọ́n á fi wọ yàrá. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́ fún yín. Ẹ tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì."

Mo gbé bírò sílẹ̀, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Mo sọ ọ́, ó sì dùn lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Inú tó ń bí mi sí ọ wá yí padà, ó dojú kọ mí, kò sì dùn rárá, mo ń sọ fún ọ. Mo jẹ́ ọmọ obìnrin tó ṣí fìlà lórí ọkọ rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí ẹ̀mí ọmọ, mo wá ń kọ́ ọmọ tèmi pé kí ó dákẹ́ títí dé yàrá. Omi kì í dúró de ìgbà tí ẹ bá wọ yàrá. Nítorí náà, mo mú ọ̀rọ̀ yẹn padà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ tàbí ọ̀rọ̀ ta ló jàre, o lè dákẹ́ fún ọkọ rẹ, ọ̀wọ̀ dára. Bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, sọ ọ́ jáde níbi tó bá ti bá ọ, ì báà jẹ́ iwájú ọ̀gá rẹ̀, ì báà jẹ́ iwájú èmi bàbá rẹ. Bí ó bá bínú, jẹ́ kí ó bínú. Ọkùnrin tó bínú, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹun níwájú rẹ̀, inú rẹ̀ á padà rọ̀. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé òun gbọ́ ohun tí mo kọ yìí, òun sì ni ẹlẹ́rìí.

Nípa ìtìjú àkẹtẹ̀, mi ò ní sọ púpọ̀. Ìwọ kọ́ ló kọ́kọ́ tijú rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, ó kàn mí láti dé e lọ́jọ́ ọdún kan, àwọn ọmọbìnrin kan sì wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí wọ́n rí irun mi tí mo gé. Mo fi àkẹtẹ̀ sábẹ́ ẹní, mo ní mo lè fi orí lásán wo omi. Màmá mi fà á yọ láti abẹ́ ẹní, ó kọjá láàárín àwọn ọmọbìnrin náà, ó fi dé mi lórí débi ojú, ó ní, "Orí lásán kò ṣeé rí láti òkèèrè." Wọ́n fi mí ṣẹ̀rín títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kan nínú wọn ni ìyá rẹ. Ó ní òun kò rántí irun náà rárá, àkẹtẹ̀ lòun rántí.

Ó ku Tọ́pẹ́. Mo gbọ́ pé kò fẹ́ kí ẹ bu omi sí i lórí mọ́, pé ó ń sunkún bí ẹ bá ń wẹ̀ ẹ́. Ẹ má nà án, ẹ má sì fi ṣẹ̀rín. Ẹ má sì torí rẹ̀ ní ẹ ò ní lọ sí etí omi mọ́. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, má gbọ́ mi sódì. Èmi fẹ́ràn etí omi. Bí a ṣe ń jáde bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí Jos di ilé fún wa, àwa tí wọ́n ń bi ní Jos pé níbo la ti wá, tí wọ́n sì ń bi ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé ìgbà wo la máa padà. Etí omi nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í ti í bi wá. Mú ọmọ náà dání lọ. Wá igi gígùn kan, kí o jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ ki igi náà bọ omi létí, kí ó rí ibi tí ilẹ̀ ti tán. Bí ó bá ti mọ ibi tí ewu wà, ẹ̀rù á mọ níwọ̀n. Bó bá wù ú kí ó kàn jókòó sórí iyanrìn lọ́jọ́ náà, ẹ jẹ́ kó jókòó.

Mo ti fẹ́ kọ ọ́ tán. Ọwọ́ ń ro mí, ìyá rẹ sì ní kí n jẹ́ kí lẹ́tà sun kí n tó fi ránṣẹ́, kí n lè yọ èyí tó gbóná jù kúrò. Mi ò ní yọ nǹkan kan. Bí Dépò bá bi ọ́ pé kí ni Bàbá kọ, kà á fún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àna mi ni, ọmọ dáadáa ni, mi ò bú u níbì kankan. Ìwọ ni mo bí, ìwọ ni mo bú.

Àkẹtẹ̀ wà nínú ọ̀rá tó bá lẹ́tà yìí wá. Etí rẹ̀ ti fẹ́ máa já, ìyá rẹ ti fi òwú pupa gán an, ó ní kí wọ́n lè rí i dáadáa láti òkèèrè. Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe nìyí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá dé etí omi, kí àwọn àlejò tó jókòó, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ìkòkò, mú un jáde. Má mú un jáde ní kọ̀rọ̀. Lọ bá ọkọ rẹ láàárín àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀, kọ ojú rẹ̀ sí omi, fi ọwọ́ ara rẹ dé e fún un, kí o sì sọ bí ìyá àgbà rẹ ti sọ pé, "Bàbá Tọ́pẹ́, lónìí, ẹ̀yin lẹ ni omi." Dúró níbẹ̀ títí yóò fi dáhùn pé ó ti wà lórí òun. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, lọ jókòó, kí o jẹ oúnjẹ rẹ ní gbígbóná.

Bí o bá mọ̀ pé o ò ní lè ṣe é, má parọ́ fún mi. Dá àkẹtẹ̀ padà kí ọjọ́ náà tó pé, mi ò ní bínú jù báyìí lọ. Màá wọ kẹ̀kẹ́ wá láàárọ̀ kùtù, màá dé e, màá gbé àga mi síwájú gbogbo yín, màá sì kẹ́yìn sí àlejò Àbújá títí oòrùn á fi wọ̀. Mi ò ní gbé e fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má bu oúnjẹ fún mi.

Bàbá rẹ.